Ọlọ Tí Ìjọba Ní Kí A Má Fọwọ́ Kàn

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta, 1988. Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì lónìí. Ó ń ṣèwádìí bí òfin ìjọba ṣe kan àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kéékèèké bíi yàrá mi yìí. Mo ní, "Káàbọ̀, ìyàwó mi tuntun." Ojú tì í.

"Bàbá, ìjọba ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo ohun tó wà níbí mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á kó o lọ. Ṣé ẹ ń tẹ̀ lé e?"

"Dáadáa!"

Ẹnu mi ò tíì pa dé tí Ìyá Sàká, ìyàwó mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, fi gbé ata wọlé, ó kúnlẹ̀ ti ọlọ ìyá mi, ó ń lọ̀ ọ́. Ó ní ata ẹ̀rọ máa ń ní òórùn epo.

Wọ́n á kó gbogbo ẹrù yìí lọ! Mo yára ní, "Kì í ṣe pé a ń lò ó o. Àfihàn ni, fún àlejò."

Inú ọmọ náà dùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun á mú ọ̀gá òun wá láti Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó wá wo àfihàn náà.

Mo bẹ Ìyá Sàká títí pé kó tún wá lọ ata lójú ọ̀gá náà. Ó ní, "Bàbá Sàká, ọdún mélòó lẹ fi ń lé mi nídìí ọlọ yìí? Ẹ̀yin lẹ ó lọ ata lọ́jọ́ náà. Èmi á jókòó ti àlejò."

Mo gbìyànjú rẹ̀ wò nírọ̀lẹ́ yìí. Ojú mi ṣì ń ta.