Wọ́n Ní Kí N Dọ̀bálẹ̀

Ọjọ́rú, oṣù kẹfà, 1984

Ó rẹ̀ mí. Ẹ̀yìn yìí kò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà mọ́, ni mo bá gba ọsibítù lọ. Ọmọbìnrin kan tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ní kó fọwọ́ to eegun mi, ọ̀gá rẹ̀ ń wò ó.

"Bàbá, ẹ dọ̀bálẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì."

Èmi tí mo dá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde! "Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ta ni?"

Ọ̀gá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Ọmọ náà kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ fàyà lé bẹ́ẹ̀dì."

Ìyẹn dáa. Mo fàyà lé e. Èmi fúnra mi ni mo wọ bàtà wálé.

N ó padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó báyìí, fífàyà lé bẹ́ẹ̀dì yẹn, ìdọ̀bálẹ̀ náà ni.