Fọ́tò Sìdí ní Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ kú ilé o, Bàámi, ẹ kú ìrójú ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Mo kí Ìyá Àgbà, mo sì kí gbogbo ará ilé wa ní Ìsẹ́yìn. Inú mi ń dùn gan-an bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ara mi le. Èkó ń gbóná, òjò ibí sì máa ń dé láìròtẹ́lẹ̀. Mo ṣì ń bá ọ̀gá mi ta aṣọ ní Apọ́ngbọ̀n, owó rẹ̀ ń tó mi jẹun. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni àárò yín máa ń sọ mí jù, ìgbà yẹn ni mo máa ń gbé kámẹ́rà tí ẹ fún mi jáde.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Sìdí, ọmọ ọmọ Alhája tó ni ilé tí mò ń gbé ní Olówógbowó, fẹ́ ṣe módẹ̀lì, kó máa wọ aṣọ tuntun kí wọ́n máa yà á. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo ní èmi ni màá yà á, ṣebí ọmọ fọtógíráfà ni mí! Mo mú un lọ sí Marina lọ́sàn-án gangan, mo sì ṣe gbogbo bí ẹ ṣe máa ń ṣe: kọjú sí oòrùn, dúró ṣánṣán, má rẹ́rìn-ín. Bàámi, ojú tì mí. Ojú Sìdí fún pọ̀, òjìji dúdú wà lábẹ́ imú rẹ̀, ó wá dúró bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Wọ́n ní fọ́tò yẹn ò dáa, kó fi òmíràn ránṣẹ́ kó tó di Sátidé. Alhája ní tí wọ́n bá tún kọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn, Sìdí ń lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ọmọ náà sunkún títí, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fà á.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ojú ọjọ́ ṣú. Mo ti ń bú òjò kí n tó rí Sìdí tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Torí òjò, inú ọ̀ọ̀dẹ̀ ni Alhája sá ìborùn funfun tó fẹ́ fi lọ kírun sí. Ìmọ́lẹ̀ ìta ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú Sìdí kan, aṣọ funfun yẹn sì ń dá díẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Háà! Ojú rẹ̀ ń dán, kò sí òjìji burúkú kankan.

Mo bẹ Alhája kó bá mi di aṣọ náà mú, kó sún un mọ́ Sìdí. Ó bínú pé ṣé aṣọ ìrun ni mo fẹ́ fi ṣeré, síbẹ̀ ó dì í mú. Mo ní kí Sìdí dìde, kó yí èjìká díẹ̀, kó fara ti ẹsẹ̀ kan, kó máa wé gèlè rẹ̀ kí ọwọ́ má baà le gbagidi. Apá wá ń ro Alhája, ó ní, "Àdùkẹ́, ya ọmọ yìí kíá, ìrun ò ní dúró dè mí o." Sìdí bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn gan-an ni mo yà á.

Wọ́n ti gbà á, Bàámi! Mọ́ńdè ló ń bẹ̀rẹ̀. Alhája ti ń sọ kiri àdúgbò pé òun náà ti di fọtógíráfà.

Ẹ má rò pé mò ń bú iṣẹ́ yín. Mo mọ̀ pé kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn fẹ́ oòrùn, ẹ ò sì ní iná fọ́tò. Ṣùgbọ́n mo mú fọ́tò Màámi jáde nínú àpótí mi, ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ yà kí wọ́n tó kú, tí mo ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rù bí wọ́n ṣe fajú ro níbẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹlẹ́rìn-ín èèyàn ni wọ́n, mo máa ń rò pé ẹ kàn ń tù mí nínú ni. Mo wá wo òjìji abẹ́ imú wọn, omi bọ́ lójú mi. Ọ̀sán gangan ni ẹ yà wọ́n. Màámi ò bínú rárá, oòrùn ló wà lójú wọn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, ẹsẹ̀ yín á mókun. Tí mo bá délé, ẹnu ọ̀nà ni ẹ máa jókòó sí. Ẹ ó máa sọ̀rọ̀ Màámi fún mi, èmi á sì máa yà yín bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni Àdùkẹ́, ọmọ yín.