Màmá Oníkéèkì, Ẹni Tó Wá Adùn Tí Kò Ní Pa Ọkọ Rẹ̀ Lára

Ọdún 1943 ni a bí Màmá wa, nínú yàrá kan tó fara ti ògiri ààrò búrẹ́dì. Bàbá tó bí Màmá, búrẹ́dì ni iṣẹ́ wọn. Bàbá tó bí bàbá náà, búrẹ́dì ló fi tọ́ ọmọ. Ìyá Màmá ló ń po ìyẹ̀fun, apá wọn sì le débi pé kò sí ọkùnrin kan nínú ilé iṣẹ́ náà tó jẹ́ bá wọn du ọpọ́n. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, obìnrin ni méjèèjì. Màmá wa ni ẹ̀gbọ́n, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni àbúrò. Ẹkún wà lójú àwa ẹbí lónìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ̀, nítorí ayé tí Màmá gbé kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ!

Ní ọdún 1950, wọ́n mú Màmá lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí wọn pé, ọwọ́ wọn sì yá sí ìṣirò, àmọ́ èérún bisikíìtì kì í tán nínú àpò wọn. Tísà wọn a máa sọ pé ìwé wọn nìkan ni èèrà ń bá ọmọ kà. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n kọ́ṣẹ́ kéèkì lọ́dọ̀ obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní ọdún 1963.

Ọ̀dọ́kùnrin télọ̀ kan wà ní òdìkejì títì. Òun ni Bàbá wa. Kò sí ọjọ́ tí Bàbá kì í sọdá wá ra kéèkì, nígbà tó sì ti pọ̀ jù, Màmá bi wọ́n pé:

“Bọ̀dá Télọ̀, ṣé kéèkì lẹ ń rà ni, àbí ẹ ń ka eyín tó wà lẹ́nu mi?”

“Mo ti ka eyín yẹn tán tipẹ́,” ni Bàbá dáhùn. “Ẹni tó ni ín ló kù.”

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1966. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọdún 1999 ni wàhálà dé. Bàbá ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ṣáá, ilé ìtọ̀ ò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀, egbò kékeré kan tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sì kọ̀, kò jinná. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: bí Bàbá ò bá lo oògùn, tí wọn ò sì ṣọ́ ẹnu, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà, ẹ̀mí pàápàá sì lè bá a lọ.

Bàbá délé, wọ́n jókòó ti ife tíì tí kò ní ṣúgà, wọ́n ń wò ó bí ẹni tí wọ́n já ogún gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá Oníkéèkì,” ni Bàbá wí, “mo fi gbogbo ayé wá obìnrin tó ń ṣe ohun dídùn, mo rí i, wọ́n wá ní kí n máa fi ojú jẹ ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Màmá lọ́kàn. Wọ́n ní, “Ẹ ò ní fi ojú jẹ ẹ́. Ẹ ṣáà máa lo oògùn yín, kí ẹ fún mi láyè.”

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló mú páálí hóró funfun kéékèèké kan wá, adùn àtọwọ́dá tó dùn ju ṣúgà lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n tí kì í gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Wọ́n ju ẹyọ kan sínú tíì, Bàbá fi kan ẹnu, wọ́n sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìwòsàn dé. Màmá ò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n gbá páálí náà mú, ó di ìdí ààrò! Wọ́n lọ hóró náà kúnná, wọ́n pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n yan kéèkì. Kéèkì náà jáde, adùn rẹ̀ sì ti bá ooru lọ. Bàbá jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n wá rọra béèrè pé:

“Ṣé kànìnkànìn tuntun lo rà fún wa yìí?”

Àǹtí Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Àǹtí mi, irú èyí ò fẹ́ràn iná. Inú tíì ni kí ẹ fi í sí. Ẹ jẹ́ kí n wá irú tó lè wọ ààrò fún yín.”

Irú kejì dé, adùn rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kéèkì ò wú, nítorí ṣúgà máa ń fún kéèkì ní ara, kì í ṣe adùn nìkan. Màmá ò gbà. Wọ́n fi ẹyin kún un, wọ́n fi wàrà kún un, wọ́n ń dà á nù, wọ́n tún ń po òmíràn, títí àwọn adìẹ ilé kejì fi sanra. Ní ọjọ́ tó bọ́ sí i, Màmá sá sọdá títì pẹ̀lú ìyẹ̀fun lójú, wọ́n ń pariwo pé, “Ó wú o! Ó dùn o!” Àwọn oníbàárà Bàbá rò pé ilé ń jó.

Màmá kọ ọ́ gàdàgbà sí pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù pé: KÉÈKÌ TÍ KÒ NÍ ṢÚGÀ, Ẹ JẸ ÀJẸYÓ! Èrò wọ́ tìrítìrí. Àmọ́ ẹni tó gba pátákó náà gbọ́ jù lọ ni Bàbá. Wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ara wọn, wọ́n jẹ odidi kéèkì kan tán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú wọn ti ń yí, ó sì di ilé ìwòsàn. Ṣúgà ti ga kọjá ààlà.

Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n ká ọwọ́ lérí. “Hóró tí mo fún wọn ló ṣe é. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ọkọ mi.”

“Hóró yẹn kọ́,” ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì dá wọn lóhùn. “Ìyẹ̀fun ni. Bí ìyẹ̀fun bá dénú, ṣúgà ló ń dà. Ẹ lé olè kan jáde, ẹ fi èkejì sílẹ̀ nínú ilé, ọkọ yín sì fi ọwọ́ méjèèjì kí i káàbọ̀.”

Bàbá bọ́ nínú ewu náà, ògo ni fún Ọlọ́run. Màmá padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, wọ́n fi omi nu pátákó náà lójú gbogbo èrò, wọ́n kọ tuntun: KÒ NÍ ṢÚGÀ, ÀMỌ́ Ó NÍ ÌYẸ̀FUN. Ẹ JẸ DÍẸ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ò padà wá mọ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, àhesọ tún tàn pé adùn àtọwọ́dá ń fa jẹjẹrẹ, pé ó pa eku. Bíríkìlà kan gbé kéèkì tiẹ̀ padà wá, ó gbé e lélẹ̀ bí ẹni gbé bọ́ǹbù.

Màmá ò bá a jà. Wọ́n bẹ onímọ̀ nípa oúnjẹ láti ilé ìwòsàn, wọ́n to àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pe gbogbo àdúgbò. Bíríkìlà ló kọ́kọ́ dìde.

“Ẹ sọ òótọ́ fún wa. Ṣé kò ní pa wá?”

“Àwọn irú tí ìjọba fọwọ́ sí, wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò dáadáa,” ni onímọ̀ oúnjẹ náà fèsì. “Òṣùwọ̀n wà fún ohun tí èèyàn lè jẹ lójúmọ́. Tíì ife méjì ò dé ìtòsí rẹ̀, ohun tí wọ́n sì fún àwọn eku kan jẹ pọ̀ kọjá sísọ. Ìwádìí ṣì ń lọ, mi ò ní tàn yín. Àwọn kan wà tí ara wọn ò gba irú kan láti inú oyún wá, kí wọ́n máa ka ara páálí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, kì í ṣe oògùn, kò sì lè sọ ẹni tó sanra di tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá lè fi omi lásán pa òùngbẹ, ìyẹn ló dáa jù.”

Bíríkìlà rọra jókòó. “Ìyá Oníkéèkì, ṣé mo lè gba kéèkì mi padà?”

“Ọmọ mi, a ti jẹ ẹ́.”

Ẹ̀rín sọ! Láti ọjọ́ náà ni ọkàn àdúgbò ti balẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń ra kéèkì náà ni wọ́n ń béèrè bí ó ṣe yẹ kó kéré tó.

Ní ọdún 2002, àbíkẹ́yìn Màmá ṣe ìgbéyàwó. Egbò Bàbá ti jinná, awò ti wà lójú wọn, àwọn fúnra wọn ló rán aṣọ ìyàwó. Màmá yan kéèkì, wọ́n gé bíbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún Bàbá. Bàbá jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n dìde, wọ́n jó! Màmá ò lè jó, ẹkún ayọ̀ ò jẹ́.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màmá, ohùn wọn ló sì ń ròkè jù nínú ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n tún ń lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kọ́ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà bí a ṣe ń ṣètò oúnjẹ. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé adùn àtọwọ́dá dà bí ọ̀pá ìtìlẹ̀: ẹ fi rìn, kí ẹ sì máa múra àtijù ú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe dín ti Bàbá kù díẹ̀díẹ̀, títí Bàbá fi ń mu tíì lásán, tí wọ́n sì ń pọ́nnu lá.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2024 lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀ sáyé, wọ́n fi Àǹtí Nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin: àkọ́bí obìnrin tó jókòó ti ààrò wọn, èkejì tó jẹ́ awakọ̀, ẹ̀kẹta tó jẹ́ tísà, àti àbíkẹ́yìn tó ti di onímọ̀ nípa oúnjẹ. Ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àtọmọdọ́mọ méjì náà ń kọrin wọn.

Ẹ wo iwájú, níbi tí Bàbá jókòó sí. Ọkọ tí dókítà ní a lè sin nígbà náà lọ́hùn-ún, òun ló ń sin ìyàwó rẹ̀ lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló sì fi rìn dé ìdí pósí. Ọ̀rọ̀ kan ni Bàbá ní kí a bá àwọn kọ síbí: “Ìyá Oníkéèkì, o tọ́jú mi yè.”

Màmá wa, ilẹ̀ a tù yín lára, oorun yín a dùn. Ẹ sùn ire.