Orin Tí Ó Bo Ohùn Yín Mọ́lẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Tí ẹ bá wà láyé ni, oko ni n ó kọ́kọ́ béèrè kí n tó béèrè ara yín, nítorí bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kí a máa kí yín. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n fo ìkíni. Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́.

Ẹ rántí káàdì fóònù wa, èyí kékeré tí a ń gba ohùn sí, ọ̀kan ṣoṣo tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ ò fẹ́ràn kí a máa pe ara wa. Ẹ ní ọ̀rọ̀ orí fóònù máa ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kambolé ìlú wa kò sì ṣeé fọkàn tán. Ẹ ó jókòó sórí ebè, ẹ ó gba ohùn yín sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ó wé káàdì sínú àkísà, ẹ ó fi sínú àpò iṣu tí dẹ́rẹ́bà ń gbé gba Tchamba wá bá mi níbi iṣẹ́ ní Sokodé. Èmi náà á gbọ́, n ó pa á rẹ́, n ó gba tèmi sórí rẹ̀, n ó dá a padà. Ọdún mẹ́ta la fi ń pa ohùn ara wa rẹ́ báyìí, a ò rò ó sí nǹkan kan. Ta ló ń tọ́jú ìkíni baba rẹ̀ nígbà tí òmíràn ń bọ̀ lọ́jà tó ń bọ̀?

Èyí tó kẹ́yìn dé nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí mo wà ní àdúgbò Kouloundè, aṣọ ga dé òrùlé, gbogbo oníbàárà ló fẹ́ tirẹ̀ lónìí. Mo ti káàdì bọ àpò láì gbọ́ ọ. Mo ní mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: òjò, iṣu, ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kọjá lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń kó orin sí fóònù fún ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, àwo orin kan ń dún níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọrin nínú rẹ̀. Gìtá ni àti ìlù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé irọ́ ni àwọn olórin fi ń jẹun, mo ní orin tí kò ki olówó kankan nìyí, Bàbá á fẹ́ràn rẹ̀. Mo yọ káàdì. Mo ní kí ọkùnrin náà pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, kó kó gbogbo àwo orin náà sí i, kí n fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Kí ọjọ́ ọjà tí n ó fi káàdì ránṣẹ́ tó pé, wọ́n pè mí pé ẹ ṣubú lóko. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti sin yín.

Ìyá ló sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí ẹ gba ohùn yẹn, ẹ pẹ́ lórí ebè títí oúnjẹ fi tutù. Ó ń gbé omi bọ̀ fún yín, ó gbọ́ tí ẹ dárúkọ Ràfíù, ẹ sì dákẹ́ nígbà tí ẹ rí i. Ràfíù ẹ̀gbọ́n mi, tó fi oko sílẹ̀ lásìkò ebè kíkọ, tó gba orílẹ̀-èdè Benin lọ láì dágbére, tí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ létí yín mọ́. Ṣé ẹ ṣépè fún un ni? Ṣé ẹ dárí jì í? Èmi nìkan lẹ sọ ọ́ fún, èmi náà ni mo ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Mo padà lọ kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó ń kó orin sí fóònù náà. Ó gbìyànjú fún ọjọ́ méjì. Ó ní ohun tí a bá pa rẹ́ kì í lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pé abẹ́ ló máa ń wà títí nǹkan mìíràn á fi bò ó, ṣùgbọ́n orin ti bo tiyín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ orin yẹn, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, lẹ́yìn alùpùpù tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Gìtá kan ṣoṣo ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ohun kékeré kan náà ló ń tún sọ. Kò kánjú. Òmíràn á dara pọ̀ mọ́ ọn, ìlù á wọlé. Bí ẹ ṣe ń kọ ebè ni: ọkọ́ kan, ọkọ́ kejì, ènìyàn ò rí nǹkan kan, àfi ìgbà tí ẹ bá nàró tí ilẹ̀ ti kún. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ru sókè, n ó tún gbé ohùn rẹ̀ sókè sí i. Mo máa ń rò pé abẹ́ ibẹ̀ lẹ wà, pé bí mo bá tẹ́tí dáadáa n ó gbọ́ ikọ́ yín. N kì í gbọ́ ọ. Orin tó dùn tó báyìí, mo kórìíra rẹ̀, mi ò sì lè fi í sílẹ̀.

Ràfíù wálé fún àdúrà ogójì ọjọ́. Ó fà mí sẹ́yìn ilé, ó bi mí bóyá ẹ dárúkọ òun. Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé á gbá mi létí. Ó kàn jókòó sórí àpótí, ó béèrè ohun tó wà lórí káàdì báyìí. Mo ki okùn tí a fi ń gbọ́ orin fóònù bọ̀ ọ́ létí. Ó gbọ́ ọ láti ìrun láàsárì títí wọ́n fi pe mògàríbá, kò mira. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yọ okùn, ó wojú mi.

“Àbúrò, Bàbá ní kí n máa bọ̀ wálé.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé gìtá lásán ni. Mo kàn ń ká okùn náà. Ó bẹ̀ mí fún káàdì náà, mo fún un. Kò padà sí Benin mọ́. Oko yín ló wà báyìí; Ìyá ní ó ti kọ ebè kọjá ìdí igi máńgòrò, okùn létí rẹ̀.

Inú mi dùn fún un, Bàbá, inú mi sì bàjẹ́ débi pé abẹ́rẹ́ ń gún mi lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Òun tó sá nílé ti gbọ́ tirẹ̀. Èmi tí ẹ bá sọ̀rọ̀, kò sí ohùn lọ́wọ́ mi, kò sí orin. Mo ń gbìyànjú láti rántí bí ẹ ṣe ń pe orúkọ mi, ó ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí lẹ sọ? Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ń lọ ni? Ẹ wá sọ ọ́ lójú oorun mi, ẹ sọ ọ́ níbikíbi. Bó ṣe pé èébú ni ẹ bú mi, n ó gbà á, n ó dúpẹ́.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tètè tẹ́tí.