Aṣọ Tó Gbé Bàbá Dìde Lórí Bẹ́ẹ̀dì

                                        Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọkùnrin,
                                        Lẹ́bàá Bẹ́ẹ̀dì Kejìlá.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́ o, o kú ìtọ́jú ilé. Ṣé ara le? Baálé rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi àbíkẹ́yìn rẹ sílẹ̀? Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ńkọ́, àbí ó tún ti ya wèrè? Kí ayọ̀ má tán nílé yín.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ òsì Bàbá mi ni dókítà ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa rìn, torí bí kò bá tètè bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ náà lè gan títí ayé. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. A rò pé ẹ̀rù ìṣubú ló ń bà á. Àṣé aṣọ ọsibítù ni, èyí tó là gbayawu lẹ́yìn, tí wọ́n fi okùn méjì so. Ó ní, “Èmi gbẹ́nàgbẹ́nà, tí mo kan ilẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò kí ìhòòhò wọn má baà hàn, èmi ni kí n wá máa fi ìdí han ọmọ ọlọ́mọ?”

Èmi ọ̀mọ̀tán bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ òde wá. Mo fa apá òsì yẹn títí Bàbá fi ké. Ọjọ́ náà ni mo pè ọ́, tí o kọ́kọ́ bú mi dáadáa, kí o tó ní aṣọ irú wọn kì í gba orí wọlé, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń ṣí i. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹrù rẹ dé: bùbá tó ń fi bọ́tìnnì ṣí láti èjìká dé ìbàdí, àti ṣòkòtò onírọ́bà.

Wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ fún Bàbá tán, nọ́ọ̀sì tó máa ń pè é ní Bẹ́ẹ̀dì Kejìlá wọlé, ó wò ó, ó tẹríba: “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá.” Bàbá dáhùn, ó sì ní kí n fún òun lọ́pàá. Ó rìn dé ojú wíńdò, ó padà. Lónìí, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Mo sunkún, mi ò sì tijú. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé torí òtútù àti fáàrí la ṣe ń wọṣọ. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè yàn láti má dìde mọ́ torí kò rí nǹkan bora.

Mo dúpẹ́ o, ọ̀rẹ́ mi. Ọwọ́ tí o fi rán aṣọ yìí ò ní rọ láéláé. Bá mi kí baálé rẹ, àwọn ọmọ, àti gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Bàbá náà kí ọ. Ó ní kí o rán ìkejì sí i, ṣùgbọ́n kí o jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀, torí òun ò ní pẹ́ sanra padà.

                                        Èmi ni tìrẹ, ẹni tí o gbà là lọ́wọ́ ẹkún,
                                        Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.