Ewé Ẹ̀yìn Kànga àti Tọ́ọ̀ṣì Mùsíọ̀ Michel

Abúlé wa, lọ́nà Atakpamé,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 1993.

Tinúkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Paul ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tí ń bẹ nínú rẹ tí a kò tíì sọ lórúkọ. Kí Olúwa jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ara mi le, bí a bá yọ orúnkún kúrò. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ti tì nítorí ìyanṣẹ́lódì, ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Gàníyù onílọ́rì. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ìbọn ní Hanoukopé tí ẹ ń gbé, má lọ sójú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ. O rántí ewé tí Rebecca ìyá rẹ, kí Ọlọ́run ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, gbìn sẹ́yìn kànga, tó fi ń wẹ̀ yín láti ọjọ́ tí ẹ dáyé, tí ibà fi ń sá fún yín. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síhìn-ín, lẹ́tà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a kò rò. Lọ́dún tó kọjá, Mùsíọ̀ Michel, òyìnbó kan tó ní ọ́fíìsì oògùn ní Totsi, ní ìlú yín níbẹ̀, wá já nínú rẹ̀, ó bi mí bí a ṣe ń sè é, ó fún mi ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n fọwọ́ síwèé. O mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi ní girama, Faransé sì ni ìwé náà. Mo rò pé ìwé pé mo gba tọ́ọ̀ṣì ni. Mo kọ orúkọ mi ní kíkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Olúṣẹ́gun, tíṣà abúlé wa, bá mi kà á. Ó ní mo ti gbà pé ilé iṣẹ́ wọn ló ni ewé náà àti ohun gbogbo tó bá ti inú rẹ̀ jáde, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣe oògùn láìgbàṣẹ. Mo ní ṣebí Ọlọ́run ló dá a. Ó ní Ọlọ́run kò fọwọ́ síwèé.

Láti ìgbà náà n kò fọwọ́ kàn án. Ewúrẹ́ wa jẹ níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, mo so ó mọ́lẹ̀, nítorí ó lóyún, n kò sì mọ ẹni tó ni ọmọ rẹ̀ báyìí. Ìwọ náà ńkọ́? Ewé yẹn ni a fi tọ́ ọ. Mo ń bi ara mi bóyá mo fọwọ́ síwèé fi ọmọ mi kún un.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, bí a bá dá ohun ìdána padà, ọmọ ẹni ti di ti ẹni. Nítorí náà tọ́ọ̀ṣì náà wà lọ́wọ́ Gàníyù, kí Paul dá a padà sí Totsi. Bátìrì rẹ̀ ti kú níbi tí mo ti fi ń ṣọ́ ewúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra méjì tuntun sí i, kí wọ́n má baà ní ohun ìdána kò pé. Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ ra àtùpà kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, ilé ti ṣókùnkùn.

Olúṣẹ́gun ní ọ́fíìsì náà yóò ti tì, òyìnbó yóò sì ti lọ sílé, kò ní sí ẹni tí yóò gba tọ́ọ̀ṣì náà. Ṣùgbọ́n oyún kì í bá wọn yanṣẹ́ lódì. Mo ti ka oṣù rẹ, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ sóko lánàá, mo já ewé náà. Ó wà nísàlẹ̀ àpò gàrí tí mo fi rán Gàníyù sí yín. Fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ tọ́ omi náà wò kí o tó wẹ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ ṣe ń ṣe.

Olúwa yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, yóò sì dá ẹ̀yin méjèèjì sí fún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, sọ pé bàbá rẹ ló jí i. Mo ti kọ orúkọ mi ní kíkún sára àpò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlábọ̀dé.