Ọṣẹ Tí Mo Tẹ Orúkọ Sí

                                        Ilé Alájì Bouraïma,
                                        Tokpota,
                                        Porto-Novo.
                                        Ogúnjọ́, oṣù kejì, ọdún 2025.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ẹnì kejì mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń dà wọ́n láàmú nígbà ọyẹ́ ti lọ? Mo kí Ìyá tó wà lọ́dọ̀ rẹ, mo bẹ Ọlọ́run kó fún ẹsẹ̀ wọn ní agbára. Ṣé Parakou ti wá ń mọ́ yín lára? Àwa níbí dúpẹ́. Ara le, oúnjẹ ń wọlé. Ojú ló kàn ń tì mí.

Mo pè ọ́ títí lórí fóònù, o ò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́, o ò dáhùn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé bíi ti ìgbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́, kí awakọ̀ tó gbé ẹrù mi wá fún ọ lóṣù tó kọjá lè bá mi mú un wá. Jọ̀ọ́, kà á dópin kí o tó bínú. Bí o bá sì ti ń bínú tẹ́lẹ̀, ṣáà kà á.

O mọ̀ pé iṣẹ́ aránṣọ máa ń falẹ̀ nígbà tí ọdún Iléyá bá ti kọjá. Ìgbà tí mo jókòó lásán bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn tí kò mọ nǹkan kan bí wọ́n ṣe ń ṣe àbẹ́là àti ọṣẹ nílé. Àbẹ́là ni mo kọ́kọ́ dán wò. Mo yọ́ ìda, mo dà á sínú agolo tòmáàtì, òwú àárín rẹ̀ sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí. Nígbà tí mo tàn án, ó jó díẹ̀, ó rì sínú ìda ara rẹ̀, ó kú. Sakinath àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni àárò rẹ̀ wá ń sọ mí lẹ́yìn ìgbà náà.

Ọṣẹ ni ọwọ́ mi mọ̀. Mo ra àdín àti òróró àgbọn, mo ra sùdù, èròjà funfun tó máa ń jó èèyàn lára. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi aṣọ bo imú, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí atẹ́gùn wà. Inú omi ni wọ́n ń da sùdù sí díẹ̀díẹ̀, wọn kì í da omi lé e lórí, torí ó lè ta síni lójú. Mo jẹ́ kó tutù, mo dà á sínú òróró, mo rò ó títí ó fi ki bí ògì. Mo dà á sínú páálí wàrà, mo fi aṣọ bò ó, nígbà tó dì mo gé e, mo tò ó sórí pákó kó gbẹ. Ó pẹ́ kó tó gbẹ, o mọ̀ pé n ò ní sùúrù. Àmọ́ nígbà tí mo fi wẹ̀, ó hó, ó sì mú ara dán. Orí mi wú.

Orí wíwú yẹn ló kó bá mi. Obìnrin inú fídíò náà sọ pé ọṣẹ tó bá ní orúkọ ẹni lára ni ẹ̀bùn tó wuyì jù. Mo rántí pé ìdílé Riad, àfẹ́sọ́nà Sakinath, ti ní kí a wá sí àdúgbò wọn ní Akron kí a jọ mú ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì. Mo ní ọṣẹ mi ni yóò bu iyì kún wa lọ́jọ́ náà. Mo bi Sakinath ní orúkọ àwọn àna, mo fi àwọn lẹ́tà ike tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ìwé tẹ̀ ẹ́ sára ọṣẹ nígbà tó ṣì rọ̀. Fídíò ní kí n fi èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná sí i kó lè mú ara mọ́, mo fi sí i, ọṣẹ dúdú. Ó ní kí n fi okùn tó rẹwà dì í, àmọ́ òwú ìránṣọ ni mo ní nílé, dúdú àti funfun. Mo lọ́ méjèèjì pọ̀, mo fi dì í.

Wá wo nǹkan tí mo ṣe, ìwọ tí a jọ dàgbà lójúlé kan: ọṣẹ dúdú, orúkọ ọmọ ẹlòmíì lára rẹ̀, òwú dúdú àti funfun lórí rẹ̀. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ṣe wọ́n, n ò rí wọn pọ̀. Ẹwà ni mo ń wò.

Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀ ní Akron. A jẹ, a mu. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n mẹ́nu ba ọjọ́ ni mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi síwájú, tí mo ń fẹyín. Aïchath, àbúrò Riad, mú ti ìyá rẹ̀, ó kà á sókè: KOUBOURA. Ìyá Riad, tó ti na ọwọ́, fà á padà. Ìyá Mọ́símọ̀, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá Riad, kò pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi bi mí.

"Ọmọ mi, orúkọ wa tí o kọ sára ọṣẹ yìí, bí a bá ń fi wẹ̀ tó sì tán, níbo lo fẹ́ kó lọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti fídíò, bí mo sì ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ yìgì. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ọṣẹ mi sílẹ̀ níbi tó wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ pé kí a ṣì fún àwọn láyè. Sakinath kò bú mi. Ó kàn sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti tú ilé mi ká kí n tó wọ̀ ọ́." Tí mo bá wọ yàrá, á dìde jáde. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé lọ sọ́jà kí àwọn aládùúgbò má baà rí mi.

Ìyá wa ló ní kí n dìde lọ bẹ̀bẹ̀, kí n má sì mú ẹnikẹ́ni dání. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Riad. Apẹ̀rẹ̀ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọn kò lo ọṣẹ náà, wọn kò sì jù ú nù. Kí n lè fi hàn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo mú èyí tó wà lókè, mo bu omi, mo fẹ́ fi bọ́jú. Ìyá Mọ́símọ̀ di ọwọ́ mi mú. Orúkọ Ìyá Riad ló wà lára èyí tí mo mú, mo sì fẹ́ wẹ̀ ẹ́ nù níṣojú wọn. Ọ̀rẹ́ mi, n ò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Bóyá ẹkún yẹn ni wọ́n gbà gbọ́. Ìyá Riad gba ọṣẹ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n já òwú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ ha orúkọ wọn kúrò fínnífínní, wọ́n kó èérún rẹ̀ sínú bébà, wọ́n sì kó o fún Ìyá Mọ́símọ̀. Wọ́n wá fi ìyókù fọ ọwọ́ dé ìgúnpá.

"Ọṣẹ rẹ dára," ni wọ́n wí. "Bí o bá tún fẹ́ bu iyì fún mi, fi ẹnu pè mí ní Ìyá. Má kọ orúkọ mi sára ohun tó ń yọ́."

Wọ́n ti mú ọjọ́, lẹ́yìn ààwẹ̀ ni. Sakinath ti ń dá mi lóhùn, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kò yéé tì mí, torí ọ̀rọ̀ kù tó kàn ọ́. Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀ ni mo ti di ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Ọṣẹ méjì ló wà nínú rẹ̀, dúdú, òwú kan náà ni mo fi dì wọ́n. Orúkọ rẹ wà lára ọ̀kan, ti Ìyá wà lára èkejì. Láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ ni o ò ti gbé fóònù mi mọ́, n ò sì lè dá ọ lẹ́bi. Ha orúkọ náà kúrò, tàbí kí o ju gbogbo rẹ̀ nù, n ò ní bínú. Bí ẹ bá sì ti fi wẹ̀ tí orúkọ ti tán, mo bẹ̀ yín, kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ kó lọ lára yín.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ. Kúnlẹ̀ fún Ìyá nítorí mi. Fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

O ó ti rí i pé n ò kọ orúkọ rẹ níbì kankan nínú ìwé yìí. N ò kọ ọ́ sẹ́yìn àpò rẹ̀ pàápàá. Awakọ̀ mọ ilé yín. Gbé fóònù, jọ̀ọ́, kí n lè fi ẹnu pe orúkọ rẹ.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
                                        Adjaratou.